Bí Mo Ṣe Wá Abíọ́nà Nínú Ìwé Àwọn Sójà

Gbogbo ẹ̀yin ará Èkó lẹ fẹ́ já pa. Ẹ ń ta mọ́tò, ẹ ń ta fíríìjì, ẹ fẹ́ lọ sí Kánádà. Èmi náà já pa o. Mo fi orílẹ̀-èdè mi sílẹ̀, mo sọdá bọ́dà, mo dé òkè òkun. Agége ni òkè òkun tèmi.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ́hùn-ún tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Nílé, Nàgó ni wọ́n ń pè wá. Bí o bá ti ń sọ Yorùbá ní ilẹ̀ wa, Nàgó ni ẹ́, ó parí. Mo wá rò ó pé bí mo bá dé Nàìjíríà níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, màá kàn wọlé bí ọmọ tó ti ọjà dé ni. Ọjọ́ tí mo dé Agége, mo bá obìnrin kan tó ń ta omi, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mo ní kó fún mi ní tútù. Obìnrin náà wò mí, ó pe ọ̀rẹ́ ẹ̀.

"Ìyá Wàsíù, wá gbọ́ Kùtọnu yìí. Ó ń gbìyànjú láti sọ Yorùbá!"

Mo ń gbìyànjú! Èdè tí ìyá mi fi kọ́ mi ní "má fọwọ́ kan iná," èmi ni mò ń gbìyànjú ẹ̀. Ọmọ Kùtọnu gan-an sì kọ́ ni mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kùtọnu láyé mi, mo sì ṣìnà níbẹ̀. Láti ilé wa dé Kùtọnu tó Èkó sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, orúkọ mi ti di Kùtọnu. Bọ̀dá Mùfú, wẹ́dà tí a jọ ń gbé yàrá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò pè mí ní orúkọ mi rí. Mo rò pé kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ tó máa bi mí pé kí ló gbé mi wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Mo ṣe bákì, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìgbà àkọ́kọ́, mo fìdí rẹmi. Ìgbà kejì, mo múra dáadáa, mo kàwé, mo gbàdúrà, mo tún fìdí rẹmi pẹ̀lú máàkì tó kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń kàwé tí ìmọ̀ ẹ̀ ń dín kù, kí ni kó ṣe? Mo ní kò sí ìyọnu, mo fẹ́ lọ dá okòwò sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Gbogbo àdúgbò sìn mí dé gáréèjì. Okòwò wo? Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni iṣẹ́ kásúà ní ilé-iṣẹ́ nílọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn ojú irin. Kásúà ni ẹni tí wọ́n ń mú wọlé láàárọ̀ tí wọ́n sì lè sọ fún lọ́sàn-án pé kó má wá mọ́. Ooru ibẹ̀ burú. Òórùn nílọ́ọ̀nù jíjó á wọ inú imú, á wọ inú irun, á wọ inú ìrẹsì tí o fẹ́ jẹ. Ohun tó tún burú jù ni pé ojoojúmọ́ ni mo ń wà láàárín èrò, tí kò sí ẹni tó máa bi mí pé báwo ni ara. Nílé wa, o kò lè rìn kọjá ilé mẹ́ta kí wọ́n má bi ẹ́ léèrè ìyá ẹ, adìyẹ ẹ, àti ìdí tó o fi fìdí rẹmi.

Ọjọ́ kan ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, tòun ti ìwé ẹ̀. Faransé ni ìwé náà. Injiníà dìde, ó ní, "Ta ló gbọ́ Faransé níbí?"

Ọwọ́ mi ti lọ sókè kí ọpọlọ mi tó gbọ́ ìbéèrè. Mo ka ìwé náà bí alùfáà, mo ní kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nílọ́ọ̀nù tú jáde, ó lọ lẹ̀ mọ́ àjà. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo rí i pé mo ti fo ojú ìwé kan. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n ní kí n má wá mọ́. Ṣùgbọ́n Injiníà tẹ̀ lé mi dé géètì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní àbúrò ìyàwó òun ń wá ẹni tó lè ka Faransé, pé iṣẹ́ tọ̀hún kò ní bọ́tìnnì tó lè pa èèyàn.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Ṣadé nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó lé ní ogójì ọdún, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bó bá wò ẹ́ lórí gíláàsì ojú ẹ̀, wàá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí o kò dá. Ọ́fíìsì ẹ̀ wà ní Ọ̀gbà, ní òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀. Kọ̀ǹpútà mẹ́rin, fáànù kan tó ń wo ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn èèyàn wà lókè òkun tí wọ́n ń wá ìtàn ìdílé wọn, tí wọ́n fẹ́ mọ bàbá tó bí bàbá wọn. Wọ́n ti ya fọ́tò àwọn ìwé tí Faransé fi ka àwọn ọkùnrin ilẹ̀ wa láyé àtijọ́, ìgbà tí wọ́n ń lọ láti agboolé dé agboolé láti mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe sójà. Iṣẹ́ wa ni ká wo fọ́tò náà, ká tẹ ohun tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà: orúkọ, orúkọ bàbá, agboolé, bó ṣe ga tó, àmì tó wà lára ẹ̀. Bó o bá tẹ̀ ẹ́ tán, Àǹtí Ṣadé á yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá dáa, ó di àwọ̀ ewé. Bí kò bá dáa, ó pọ́n.

Òfin kan ló wà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: KỌ OHUN TÍ O RÍ, MÁ KỌ OHUN TÍ O MỌ̀.

Mo ní òfin yìí kò lè yọ mí lẹ́nu, nítorí èmi ò mọ nǹkan kan. Irọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo kọ gíga ọkùnrin kan sí mítà mẹ́rìndínlógún. Mo fi ọjọ́ ìbí ẹnì kan ṣe orúkọ bàbá ẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà mi pọ́n bí ata rodo.

"Mùsíọ̀," bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Ṣadé ṣe ń pè mí nítorí Faransé, "ọkùnrin tó ga ju òpó iná lọ, kí ló dé tí Faransé ò fi gbé e sórí òkè kó máa ṣọ́ ogun fún wọn?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Inú ò bí mi. Mo kàn fẹ́ bá a ya fọ́tò ni."

Mo jókòó síbẹ̀ fún oṣù méjì kí iṣẹ́ náà tó mọ́ mi lára. Akọ̀wé Faransé yẹn ń kọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Ó kọ orúkọ wa bó ṣe wù ú. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹ̀yà, Nàgó ló kọ fún gbogbo ayé. Mo máa ń jókòó wò ó: Nàgó, Nàgó, Nàgó. Kí n tó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan á ti pè mí ní Kùtọnu lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe rí kí èèyàn máa jẹ́ orúkọ tí kò sọ ara ẹ̀, kó wá bi mí.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ìyá mi àgbà pè mí. Òun ló tọ́ mi, nítorí bàbá mi ti kú nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá tó bí i sì ti kú ṣáájú ẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá." Gààrí ni mo mu, ṣùgbọ́n èèyàn kì í sọ ìyẹn fún ilé.

"Ó dáa. Àwọn ọmọ Dàda ti dé o."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Agboolé Ọdẹ́wálé ni agboolé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ọdẹ́wálé ló bí Dàda. Àwọn ọmọ Dàda ló pọ̀ jù níbẹ̀ báyìí, Baba Sùlé sì ni àgbà wọn. Àwa ní tiwa, ọ̀dọ̀ bàbá tó bí bàbá bàbá mi ni a ti wá, ẹni tó ṣe sójà Faransé tó sì padà wálé. Ìgbà tó dé ni wọ́n fún un ní ilẹ̀ lẹ́bàá odò. Bàbá bàbá mi gbin kajú sórí ẹ̀. Kajú yẹn ni Ìyá fi tọ́ mi, òun náà ló fi ń jẹun títí di òní.

"Wọ́n ní àlejò ni Baba," Ìyá ní. "Wọ́n ní ìyá ẹ̀ kàn gbé e wọ agboolé ni, pé ilẹ̀ tí wọ́n bá fún àlejò, oúnjẹ ni wọ́n fún un, wọn ò fún un ní ogún. Wọ́n ní bí a bá ti ká kajú tọdún yìí tán, ẹbí á pàdé, kí n múra láti kó kúrò lórí ẹ̀."

"Kó lọ síbo?"

"Ìyẹn ni mo bi wọ́n. Wọ́n ní kí n lọ bá ọmọ mi ní Nàìjíríà tó ń ṣe okòwò."

Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ wọnú fóònù. Okòwò! Ṣùgbọ́n lójijì ni nǹkan kan sọ sí mi lórí.

"Ìyá! Ìwé àwọn sójà Faransé gan-an ni mò ń tẹ̀ lójoojúmọ́! Bí wọ́n bá kọ Baba síbẹ̀ pé ọmọ Ọdẹ́wálé ni, ọ̀rọ̀ ti parí. Ìjọba ló kọ ọ́. Kí ni orúkọ Baba?"

Ìyá dákẹ́. Mo rò pé kírédíìtì ti tán.

"Ọkọ mi, ṣé orí ẹ pé báyìí? Kí èmi dárúkọ bàbá ọkọ mi?"

"Ìyá, Baba ti kú tipẹ́tipẹ́."

"Bó ti kú, ṣé ó ti kúrò ní bàbá ọkọ mi ni?"

Ẹ wò ó. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀. Ìyàwó ilé kì í dárúkọ bàbá ọkọ, ó parí, bí ilẹ̀ fẹ́ lọ kó lọ.

"Kí ni ẹ̀yin wá ń pè é?"

"Baba Arìnnàkore."

Mo tẹ Arìnnàkore sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì. Kọ̀ǹpútà ní òun ò mọ ẹnì kankan bẹ́ẹ̀. Mo pe Ìyá padà, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó ṣáà sọ ọ́ lọ́nà kan.

"Ọmọ tí wọ́n bá bí sójú ọ̀nà," ló wí, "kí ni wọ́n ń sọ ọ́ níbi tó o wà?"

"Abíọ́nà!"

"N ò dárúkọ ẹnì kankan o. Ìwọ lo dárúkọ."

Ni inú ẹ̀ bá dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ Baba fún mi. Pé ó máa ń rìn ṣánṣán bí ọ̀pá. Pé ìka kékeré ọwọ́ òsì ẹ̀ kù sí ìdajì, àdá ló gé e nígbà tó wà lọ́mọdé. Pé ogun yẹn kàn án lórí díẹ̀.

"Bí ẹnikẹ́ni bá ti pe Dàda nínú agboolé, Baba náà á fò dìde. Á na ara gbọnrangandan, á ní, 'Purezáǹ!' Dàda gidi á dáhùn lọ́hùn-ún, òun náà á dáhùn níbí. A máa ń rẹ́rìn-ín! Àwọn ọmọdé á máa pe Dàda káàkiri kí wọ́n lè rí i."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Purezáǹ ni ohun tí a máa ń sọ ní ilé-ìwé nílẹ̀ wa bí olùkọ́ bá pe orúkọ wa. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbà dáadáa nílé-ìwé nìyẹn.

Mo wá Abíọ́nà. Mo wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Gbogbo ìwé tó bá ti jẹ́ ti Ṣábẹ̀ẹ́, èmi ni mo máa sáré gbà. Mo rí Abíọ́nà kan, ó ti dàgbà jù. Mo rí òmíràn, agboolé ẹ̀ yàtọ̀. Iná á lọ, màá jókòó sínú ooru kí n máa retí jẹnẹrétọ̀, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo ìyẹn. Bí iná bá dé, ìkànnì ò ní ṣí. Bó bá ṣí, àbàwọ́n tíì ló máa ti wà lórí ìwé yẹn láti ọjọ́ aláyé, síbi orúkọ gan-an.

"Kùtọnu, o ti rù," Bọ̀dá Mùfú sọ fún mi. "Òkú ló ń jẹun ẹ."

"Bọ̀dá Mùfú, ẹ ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

"Mo mọ̀ ọ́n. Àwa tí a wà láàyè ń pè ẹ́, o ò dáhùn, àwọn tó ti kú lò ń wá kiri."

Ó sì tọ́. Kò sí ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo Èkó tó àwọn ọkùnrin inú ìwé yẹn. Mo mọ gíga wọn. Mo mọ ẹni tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ orúkọ ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo rí i, ọ̀sẹ̀ tí ìpàdé ẹbí máa bọ́ sí. Mo ń tẹ ìwé kan, ọwọ́ mi ń lọ, ọkàn mi ò sí níbẹ̀. Agboolé Ọdẹ́wálé. Ọwọ́ mi dúró. Bàbá: Ọdẹ́wálé. Orúkọ: Dàda.

Agboolé wa ti fara hàn, ẹnì kan péré ni wọ́n sì kọ nínú ẹ̀, Dàda sì ni. Gbogbo wàhálà mi, àwọn ọmọ Dàda ni mo bá wá ẹ̀rí. Mo fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n máa bá mi wí bí mi ò bá tẹ ìlà náà tán, mo ń kà á lọ. Àmì ara: ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Mo tún un kà. Agboolé Ọdẹ́wálé kì í kọ ilà. Èèwọ̀ wa ni, wọn ò fi abẹ kan ojú ọmọ kankan níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo kà síwájú. Ìka kékeré ọwọ́ òsì, ó gé sí ìdajì.

Mo dìde. Mo jókòó. Mo tún dìde.

"Mùsíọ̀, ṣé kòkòrò wà lórí àga yẹn ni?" Àǹtí Ṣadé béèrè.

"Rárá, mà."

Baba wa ni. Abíọ́nà ni. Dàda kò dé ojú ogun rí, gbogbo Ṣábẹ̀ẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń fi yangàn fáwọn ọmọ ẹ̀ pé nígbà tí Faransé wá, òun sá gun òkè, òun sì wà nínú ihò àpáta títí wọ́n fi lọ. Ohun tí ẹnì kankan ò béèrè ni pé àwọn Faransé wá mú ọmọkùnrin kan nínú agboolé yẹn, wọ́n sì mú un. Ta ni wọ́n mú?

Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ó wà lára ògiri. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo máa fọwọ́ ara mi kọ Dàda síbẹ̀ kí wọ́n fi lé ìyá mi àgbà lọ? Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo tẹ Abíọ́nà. Mo ní ta ló máa mọ̀? Mo fi ránṣẹ́, mo ń súfèé.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Mùsíọ̀, wá."

Mo lọ.

"Ka ìlà kẹrin fún mi."

"Abíọ́nà, mà."

"Ojú ìwé ni kó o wò, má wo ojú mi."

Mo wo ojú ìwé. "Dàda."

"Níbo lo ti rí Abíọ́nà?"

"Lórí ìka, mà."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ gíláàsì ojú ẹ̀, ó fa àga kan fún mi. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láti orí kajú dé orí Purezáǹ. Nígbà tí mo dé ibi Purezáǹ, ohùn mi dáwọ́ dúró lójijì, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Kì í ṣe pé ogun kàn án lórí. Gbogbo ọdún tó fi wà lọ́dọ̀ àwọn Faransé, Dàda ni wọ́n ń pè é. Bí kò bá dáhùn, wọ́n á nà án. Ó padà dé ilé, ẹni tó ni orúkọ wà níbẹ̀ tó ń jẹ iyán, bí wọ́n bá ti pe orúkọ náà, òun ò lè má dìde. A sì ń rẹ́rìn-ín.

Àǹtí Ṣadé fi ìka tọ́ka sí ojú kọ̀ǹpútà.

"Gbọ́," ó ní. "Bó o bá kọ Abíọ́nà síbẹ̀, ìwé tìẹ lo kọ yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá mú fọ́tò ìwé gidi jáde, wọ́n á ní òpùrọ́ ni ẹ́. Ìlà yẹn á di irọ́, ìka yẹn náà á di irọ́. Ohun tó máa gbà yín wà níbẹ̀, o fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ bà á jẹ́. Ṣé ẹ ò ti jìyà orúkọ ayédèrú tó nínú ilé yín ni?"

Mo padà síbi kọ̀ǹpútà, mo pa Abíọ́nà rẹ́, mo tẹ Dàda. D, a, d, a. Ó di àwọ̀ ewé. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni mo fi orúkọ náà lé e lórí.

"Ṣé kí n ya fọ́tò ẹ̀, mà, kí n fi ránṣẹ́ sílé?"

"Òfin ní a ò gbọdọ̀ yà á." Ó wọ gíláàsì ẹ̀ padà. "Mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ pé a ò gbọdọ̀ kà á sókè. Ọjọ́ wo ni ìpàdé yín?"

Ọ̀sán Sátidé ni. Àǹtí Ṣadé fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì. Mo jókòó níwájú ìwé náà, fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Lọ́hùn-ún, Ìyá ti gbé fóònù tiẹ̀ sórí àpótí láàárín agboolé, wọ́n sì ti tẹ ibi tí gbogbo èèyàn á fi gbọ́. Mò ń gbọ́ ewúrẹ́. Mò ń gbọ́ ẹni tó ń wú ikọ́. Àárò ilé sọ mí débi pé mo fẹ́ sunkún nítorí ewúrẹ́.

"Ìwọ ọmọ Nàìjíríà," Baba Sùlé ní, "a ní o rí ìwé. Kà á."

"Ẹ kú ìjókòó o, Baba. Agboolé Ọdẹ́wálé. Bàbá, Ọdẹ́wálé. Orúkọ…" Mo tún ojú ìwé wò. "Orúkọ, Dàda."

Ariwo sọ. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o! Bàbá wa ni wọ́n kọ! Kò sí orúkọ àwọn wọ̀nyí níbẹ̀! Kí ni ẹ tún ń bá wa fà?" Baba Sùlé ní.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀."

"Kí ló tún kù?"

"Àmì ara, sà. Ìlà mẹ́ta tó dùbúlẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan."

Pàtẹ́wọ́ náà kú díẹ̀díẹ̀, bí òjò tó fẹ́ dá.

"Ìka kékeré ọwọ́ òsì, ó gé sí ìdajì."

Ewúrẹ́ nìkan ni mò ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Ìyá. Kò pariwo.

"Baba Sùlé, mo fẹ́ bi yín. Ọjọ́ tí àwọn Faransé wá ka àwọn ọmọkùnrin, níbo ni bàbá yín wà?"

Mo gbọ́ tí Baba Sùlé wúkọ́.

"Ẹ̀yin ló ń sọ ọ́ fún wa lọ́dọọdún. Níbo ló wà?"

"Ó wà lórí òkè," Baba Sùlé ní, bí ẹni tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà yọ lẹ́nu.

"Ta wá ni Dàda tó dáhùn?"

Mo di àga mú. Ní Ọ̀gbà níbí, ẹnì kan ń dán jẹnẹrétọ̀ wò nísàlẹ̀, mo fi ọwọ́ bo etí kejì.

"Abíọ́nà ni," ni Ìyá wí.

"Háà! Ìyàwó dárúkọ bàbá ọkọ!" obìnrin kan pariwo.

"Mo dárúkọ ẹ̀. Orúkọ yín lẹ fi rán an lọ kú. Nígbà tí kò kú, ẹ fún un ní ilẹ̀, ẹ sì fi ṣe ẹ̀rín. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tiẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan. Abíọ́nà!"

Ibẹ̀ ni kírédíìtì mi tán.

Ẹ ṣáà fojú inú wò ó. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ láti ra káàdì, ẹni tó ń tà á ti lọ kírun. Mo dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ìkànnì ò ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mo fi rí Ìyá bá sọ̀rọ̀ padà, wọ́n ti tú ká, ó sì ń ṣa ẹ̀wà.

"Wọ́n ní kí n máa jókòó sórí ilẹ̀ mi," ó ní.

"Ìyá! A ti borí!"

"Borí kí ni? Baba Sùlé ní nítorí pé mo ti dàgbà ni, pé àánú mi ló ṣe wọ́n. Kò sí ẹni tó ní ẹ kú ìyà láti ọjọ́ yìí. Ní báyìí tí mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ wà níta, wọ́n ń sọ fáwọn aládùúgbò pé bàbá àwọn ṣe sójà, pé ó wà nínú ìwé ní Nàìjíríà."

Ó sì wà níbẹ̀. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ Dàda kan á jókòó sí ìlú òyìnbó, á wá orúkọ, á rí bàbá ńlá rẹ̀ tó jẹ́ akọni, á sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Kò ní wo ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ ìlà mẹ́ta sí. Ta ló ń ka ibẹ̀?

Mo dé ilé ní ìrọ̀lẹ́, mo sọ ọ́ fún Bọ̀dá Mùfú. Nígbà tó gbọ́ ìlà mẹ́ta, ó fò dìde, ó fa fọ́tò bàbá àgbà ẹ̀ yọ lábẹ́ mátíráàsì. Ìlà mẹ́ta, ó dùbúlẹ̀, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá ẹ̀ ti gbé e wá nìyẹn!" ó ní. Ó ń gbá mi lẹ́yìn. "Ìwọ gan-an kì í ṣe Kùtọnu mọ́! Ilé lo wá, o ò mọ̀ ni! Láti òní lọ, orúkọ ẹ ni màá máa pè ẹ́. Àní kí tiẹ̀ ni orúkọ ẹ?"

Mo sọ ọ́ fún un. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ó dùn létí. Inú mi dùn débi pé èmi ni mo ra mínírà fún àwa méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń fọ ẹnu lẹ́bàá kànga, èrò ti pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́hùn-ún. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá Mùfú láti ojú fèrèsé.

"Kùtọnu!"

Kí n tó ronú, mo ti na ara gbọnrangandan, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

"Purezáǹ!"

Gbogbo èrò ìdí kànga ló bú sẹ́rìn-ín.